Ọgbà Lẹ Ní Ẹ Fẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìlú lónìí. Ọmọdé ni, bàtà funfun, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó rẹ́rìn-ín sí máṣíìnì ìránṣọ mi, ó rẹ́rìn-ín sí gọ́tà tó ń rùn níwájú ilé. Arẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́. Ó ní ìlú ti ya owó sọ́tọ̀ láti fi tún àdúgbò ṣe, pé kì í ṣe àwọn ọ̀gá ló máa yan ohun tí wọ́n máa fi ṣe, àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ni. Ká wá sí ìpàdé. Ká dá àbá. Ká nawọ́ sí èyí tó bá wù wá. Ká yan ìgbìmọ̀. Tí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, ká fi Sátidé kan bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kó má di pé ọwọ́ àlejò nìkan ló tún àdúgbò wa ṣe.

Ó ní, "Mà, ẹni tó ń sùn nínú ilé ló mọ ibi tó ti ń jò."

Mo mọ ibi tó ti ń jò ní tèmi. Láti Pápá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ síbí kí inú mi lè rọ̀.

Ọkọ mi — Gbàǹjo ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí iṣẹ́ gbàǹjo ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ẹnu ló fi ń jẹun. Á gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sókè, á kì í títí ẹ ó fi rò pé ọba ló sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ta àga, ó ta bẹ́ẹ̀dì òkú, ó tà mí náà. Níwájú èrò! "Ta ló máa gba ìyàwó mi? Ara ti gbó, àmọ́ máṣíìnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Eyín lásán.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni ẹ̀gbà ti dà á dùbúlẹ̀. Ó ń ta kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́. Ó ní ó di ẹ̀ẹ̀kan, ó ní ó di ẹ̀ẹ̀kejì — kò dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún di wíwọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì dà nù àfi ẹyọ kan: "ilé." Ẹ fún un lómi, ilé ni. Ẹ fi ṣíbí hàn án, ilé ni. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, "ilé, ilé."

Dókítà ní kí n máa dárúkọ nǹkan fún un, ní sùúrù, bí ẹni ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀, pé díẹ̀díẹ̀ lọ̀rọ̀ á máa padà. Mo gbìyànjú. Mo ní ṣíbí, ó ní ilé. Mo ní ṣíbí, ó ní ilé. Mo fi ṣíbí náà ro ọbẹ̀ mi, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ dókítà.

Ta ni màá parọ́ fún, ṣebí èmi nìkan ló ń kà á. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé yìí dùn mọ́ mi. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi gún mi lára láti ọjọ́ yìí wá, èyí tó jẹ́ tèmi ló kù sí i lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Ó tún lọ.

Pápá ni ilẹ̀ òfìfo tó wà láàárín àdúgbò wa àti ti àwọn ará Ẹ̀yìn. Koríko, ike, àfọ́kù ìgò, àti ọ̀nà tóóró kan tí ẹsẹ̀ èèyàn là. Ẹ̀yìn là ń pe ọ̀hún nítorí ẹ̀yìn wa ni wọ́n wà. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń pè wá. Mi ò tíì béèrè.

Àràárọ̀, tó bá ti jẹun tán, á wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró yẹn lọ sábẹ́ àtíbàbà obìnrin kan tó ń ki òwú sínú tìmùtìmù. Opó ni. Òwú lórí, òwú léjìká, òwú nínú ìpéǹpéjú. Tìmùtìmù lorúkọ òun náà lọ́dọ̀ mi, ó sì yẹ ẹ́, ara ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Láti ojú fèrèsé tí máṣíìnì mi wà, mo ń rí gbogbo rẹ̀. Gbàǹjo á jókòó sórí àpótí. Obìnrin yìí á gbé nǹkan sókè níwájú rẹ̀, á ya ẹnu. Òun náà á ya ẹnu. Obìnrin á bú sẹ́rìn-ín, á pàtẹ́wọ́. Ṣé irú eré tó yẹ àgbàlagbà nìyẹn, kí wọ́n máa yanu síra wọn lójú ọ̀sán gangan?

Mo rán apá aṣọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan mọ́ ibi ọrùn lónìí. Mo ní láti tú u.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Ìpàdé, ní ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀. Arẹ́rìn-ín jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń fá irun, ó ń yí bírí-bírí. Onígbàjámọ̀ fẹ́ iná sójú títì. Ẹnì kan ní ká tún gọ́tà ṣe, wọ́n hó lé e lórí, pé gọ́tà kì í ṣe ohun àmúyangàn. Tíṣà dìde — obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀, tó ṣì máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo wa ò tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní ká sọ Pápá di ọgbà òdòdó. Bẹ́ǹṣì. Igi bíi mélòó kan fún ìbòòji. Ibi tí àwa àtàwọn ará Ẹ̀yìn á ti máa jókòó pọ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti ń rò ó pẹ́.

Mi ò ní ohunkóhun lọ́kàn nígbà tí mo jáde nílé. Mo fi orí mi búra. Àmọ́ bó ṣe ń wí i, ọgbà, ọgbà, ọgbà, ni nǹkan kan ṣí lórí mi. Ọgbà ni wọ́n ń gbin òdòdó sí. Ọgbà náà sì ni wọ́n ń fi yí ilé ká kí ẹlòmíì má bàa wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kan ni wọ́n ń pe èkejì, kò sí àmì tó yàtọ̀ lórí wọn.

Mo dìde. Mo gbóríyìn fún Tíṣà. Mo sì gé òdòdó kúrò lára ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń gé òwú kúrò létí aṣọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọgbà ni. Ta ló fẹ́ ọgbà lórí Pápá?"

Gbogbo wọn nawọ́. Onígbàjámọ̀ gbé tiẹ̀ sókè gbẹ̀yìn, kí wọ́n má bàa sọ pé iná nìkan ló mọ̀. Nígbà tó di pé ká yan alága, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló pe orúkọ mi. Ó ní mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Omijé wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta

Alága! Ẹni tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìlú. Afẹ́fẹ́ tútù, àga rírọ̀, Arẹ́rìn-ín nídìí tábìlì. Ó béèrè pé, "Ọgbà báwo ni, mà?"

Mo ní onírin. Kó ga ju èèyàn lọ. Láti ògiri ilé ẹ̀kọ́ títí dé ògiri ilé epo.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó tètè gbá a mú. Ó ní òun rò pé òdòdó ni. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló nawọ́, ìwọ àbí àwa?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni, mà." Ó tún ní àwọn ará Ẹ̀yìn ń kọ́, pé ọ̀nà wọn nìyẹn. Mo ní ṣé wọ́ọ̀dù wa ni wọ́n wà. Ó ní rárá, wọ́ọ̀dù kejì ni. Mo jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ wí. Ó ní ṣé kí wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí i. Mo ní ẹnu ọ̀nà lolè ń gbà wọlé.

Ó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Ọmọ dáadáa ni, kò fẹ́ wàhálà.

Ohun tí mo ń sọ lọ́kàn mi nínú bọ́ọ̀sì nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ń rẹ́rìn-ín, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún kúrò: ẹ̀gbà ti gba ẹnu rẹ̀, ọgbà ló kù tó máa gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Ọmọ wa obìnrin pè láti ọ̀nà jíjìn. "Màámi, ṣé ẹ ń dárúkọ nǹkan fún Bàámi?" Mo ní ojoojúmọ́. Ó ní kí n gbé fóònù fún wọn. Mo ní wọ́n ti sùn. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀! Gbàǹjo wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń yanu.

Ó ní nígbà tí òun pè lọ́jọ́sí, ó dà bíi pé wọ́n sọ "omi." Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó ní, "Màámi, mo gbọ́ ọ." Mo ní etí ọmọ máa ń gbọ́ ohun tó bá wù ú.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹta

Irin dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbáko. Wọ́n dà á sí Pápá, ariwo rẹ̀ jí gbogbo àdúgbò.

Onígbàjámọ̀ jáde tòun ti abẹ lọ́wọ́. Ó wo irin lọ, ó wo irin bọ̀. Ó ní, "Òdòdó yìí mà le o! Oṣù wo ló máa rúwé?"

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀dọ̀ mi wá tààrà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé. Ó ní ọgbà la nawọ́ sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọgbà òdòdó. Mo ní òdòdó kọ́ lẹ nawọ́ sí, mà. Mo béèrè, gbogbo yín lẹ gbọ́. Ọgbà lẹ ní ẹ fẹ́. Kí lẹ ń pe èyí tí wọ́n kó wá yìí, ìkòkò?

Ó wò mí títí. Ó ti kọ́ èèyàn ní èdè láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Òwe ló fi dá mi lóhùn: ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo fèsì síbí: ará ilé tèmi wà níbi tí òwú ti pọ̀, òkò ò lè dùn ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Ìpàdé pàjáwìrì. Tíṣà ló pè é. Mi ò ní parọ́, mo ti rò pé ó ti parí fún mi. Arẹ́rìn-ín ló gbà mí là. Ó ní a lè yí i padà o, ẹ̀tọ́ wa ni, àmọ́ owó náà á kọ́kọ́ lọ sí àdúgbò míì, tí ó bá tún kàn wá, ká tún nawọ́.

Àdúgbò míì! Ẹ wá wo bí ìfẹ́ ọgbà onírin ṣe wọ̀ wọ́n lára. Onígbàjámọ̀ rántí pé wọ́n jí ẹ̀rọ ìfárun òun méjì. Ẹnì kan rántí ìkòkò. Ẹnì kan rántí ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹyọ kan, bíi pé elẹ́sẹ̀ kan ló jí i. Ká tó parí, ará Ẹ̀yìn ti jí gbogbo ohun tó sọnù láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá àdúgbò yìí sílẹ̀. Mo kàn ń mi orí.

Àṣé Tìmùtìmù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní òun ò ní kí a má ṣe ọgbà. Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣá lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí Bàbá. Gbogbo èèyàn mọ Bàbá tó ń wí. Ó ní ẹsẹ̀ wọn ò lè gba títì ńlá lọ yí po wá. Ó ní, "Ó ti kù díẹ̀ fún wọn, mà. Ẹ jẹ́ kó parí."

Kí ló kù díẹ̀? Ojú ò tì í! Níwájú èrò! Gbogbo wọn yíjú sí mi, ojú tí wọ́n máa ń fi wò mí nígbà tí Gbàǹjo bá ń tà mí.

Mo ní, "Wọ́ọ̀dù wo lẹ wà?"

Ó ní wọ́ọ̀dù kejì.

Mo ní, "Àwọn tó wà nínú wọ́ọ̀dù yìí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó síta."

Kò sí àga níta. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, làwọn tó kù bá bá a rẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ló dìde tẹ̀ lé e jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Kẹrin

Wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀ láti ìhà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń rì í láti ìhà ilé epo. Àárín ló kù. Ibi ọ̀nà tóóró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin

Sátidé tí a fi ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì, omi mímu. Arẹ́rìn-ín ń pín ìbọ̀wọ́. Kódà àwọn tí kò wá ìpàdé rí wá; ẹ gbé ọ̀dà síwájú èèyàn, ẹ rí i bó ṣe máa di ọmọdé.

Gbàǹjo náà wá. Ta ló pè é? Ó na ọwọ́ òsì, Arẹ́rìn-ín sì fi búrọ́ọ̀ṣì sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń kun irin tí wọ́n fẹ́ fi dí ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi ahọ́n lá ètè, ó ń kùn ún dé ìdí. Tìmùtìmù dúró lódìkejì, ó bá a di agolo ọ̀dà mú. Ó na ìka sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya ẹnu. Gbàǹjo wo búrọ́ọ̀ṣì náà, ojú rẹ̀ sì là — ó yíjú, èmi ló ń wá, ó gbé e sókè sí mi. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. "Bú… bú…"

Ọ̀dà ń kán sórí aṣọ mi. Mo ní, "Ẹ kùn ún dáadáa o, Bàbá wọn, ẹ má kun èèyàn."

Ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ilé."

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wò ńbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹrin

Wọ́n dí i lónìí.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní alága, irin tó kẹ́yìn ló kù. Àmọ́ bàbá àgbàlagbà kan wà lódìkejì tó gba ibí kọjá láàárọ̀, ṣé kí òun dúró kí wọ́n dé?

Mo mọ̀ pé ó wà lódìkejì. Èmi ni mo gbé oúnjẹ fún un kó tó lọ. Mo ti rò ó dáadáa: kó gba títì padà lẹ́ẹ̀kan péré, kó fi ẹsẹ̀ kan wọ́lẹ̀ dé ilé, kó rẹ̀ ẹ́ dójú ikú, kò tún ní lọ mọ́ láéláé. Ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ò wọ̀ ọ́ létí mọ́, ẹsẹ̀ ló kù tí mo lè fi bá a wí.

Mo ní, "Dí i."

Iná ń ta pàràpàrà lára irin. Gbàǹjo dìde lórí àpótí, ó rìn wá sídìí ọgbà, ó dúró ń wo iná náà. Lẹ́yìn náà, ó wo fèrèsé mi. Mo tẹ máṣíìnì mọ́lẹ̀, mo ń rán nǹkan. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Mo bo oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ dè é.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹrin

Kò wálé.

Mo bẹ Onígbàjámọ̀ pé kó fi alùpùpù rẹ̀ gba títì lọ gbé e. Òun nìkan ló padà dé. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n jókòó sẹ́yìn mi, mà. Wọ́n di òpó àtíbàbà mú. Mo fà wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní agbára lọ́wọ́ òsì yẹn o."

Kí ló tún wá ń wí fún mi nípa agbára?

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Mo da oúnjẹ yẹn nù. Ó ti kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹrin

Ayẹyẹ ṣíṣí ọgbà. Arẹ́rìn-ín mú ríbọ́ọ̀nù wá, ó mú ẹni tó ń ya fọ́tò wá. Ó ní wọ́n máa fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn àdúgbò tó kù, kí wọ́n rí ohun tí ará àdúgbò lè ṣe bí wọ́n bá fìmọ̀ ṣọ̀kan. Èmi ni mo gé ríbọ́ọ̀nù. Sísọ́ọ̀sì mi ni mo fi gé e, tiwọn kú.

Ó béèrè láàárín èrò pé, "Bàbá wa tó ń kun irin lọ́jọ́sí dà?"

Onígbàjámọ̀ rí nǹkan lára bàtà rẹ̀. Tíṣà wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ. Mo ní wọ́n ń sinmi.

Wọ́n fi fọ́tò náà hàn mí lórí fóònù. Èmi rèé níwájú, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn mi, láàárín irin méjì, Gbàǹjo lórí àpótí. Ó ń rẹ́rìn-ín ju èmi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kẹrin

Ilé yìí dákẹ́ jù. Mo sọ̀rọ̀ sí máṣíìnì. Mo bú u.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹrin

Mo lọ fúnra mi. Títì ńlá yẹn kì í ṣe ọ̀nà ọmọ èèyàn: eruku, ọkọ̀ tó ń fi ara gbá èèyàn lápá, oòrùn. Orúnkún mi ń ké. Bí mo ṣe ń rìn ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ lẹ́sẹẹsẹ. Gbogbo rẹ̀ ló mú bí abẹ. Mo máa bú obìnrin yẹn débi pé òwú orí rẹ̀ máa gbiná.

Ẹ̀yìn àtíbàbà ni mo gbà yọ. Wọn ò rí mi. Tìmùtìmù di nǹkan mú níwájú ojú rẹ̀.

"Kí rèé, Bàbá?"

"Òwú."

"Èyí ń kọ́?"

"A-bẹ́rẹ́."

"Èyí?"

Àágùn yọ níwájú orí rẹ̀. "Okùn."

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, Gbàǹjo sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rín tí mo rò pé mo mọ̀. Láti ojú fèrèsé, tí wọ́n bá ń ya ẹnu, n kì í gbọ́ ohun tó ń jáde níbẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò dà nù. Mo bọ́ síwájú wọn. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ òsì gbá àpótí tó jókòó lé, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ilé."

Tìmùtìmù ní kí n má bínú, mà, òun bẹ̀ wọ́n, òun tiẹ̀ sunkún bẹ̀ wọ́n. Mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Mo ní kò mọ ohun tó ń sọ, gbogbo nǹkan ni ilé lẹ́nu rẹ̀, kò sí ohun tí kò ń pè ní ilé! Abọ́ oúnjẹ kan wà nílẹ̀. Mo mú ṣíbí inú rẹ̀, mo nà án sókè sí i. "Kí rèé? Ẹ wí i kí gbogbo ayé gbọ́. Kí rèé?"

Ó wo ṣíbí náà. Ó wo ojú mi.

"Ṣíbí," ló ní.

Mo gba títì padà.

Ọjọ́rú, 16 oṣù Kẹrin

Mo pe Arẹ́rìn-ín. Mo ní a fẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan lára ọgbà. Ó ní àbá tó dára gan-an ni, mà, kí n mú un wá sí ìpàdé ọdún tó ń bọ̀, kí àwọn èèyàn nawọ́ sí i. Mo gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Kẹrin

Oòrùn ò tíì mú nígbà tí mo lọ sídìí ọgbà. Ó ti wà níta, lórí àpótí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ya òwú. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán. Inú mi dùn, inú mi sì bà jẹ́ pé ó ń dán.

Mo pè é. "Bàbá wọn." Mo rọra pè é. Mi ò mọ ìgbà tí mo ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ó gbójú sókè. Mo rí i tó ń to ẹnu rẹ̀ — mo mọ ẹnu yẹn, bó ṣe máa ń tò ó kó tó gbé ọjà sókè. Ó tẹ orí ba díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ó dá ṣáká. Kò kọsẹ̀ níbì kankan.

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò fi "ẹ" kí mi rí. Ó bú mi, ó tà mí, ó pè mí ní oríṣiríṣi, àmọ́ ìwọ ni mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé bóyá ìkíni kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Ó ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ kékeré ni, èyí tí wọ́n bá kọ́ ọ ló máa lò fún gbogbo èèyàn.

Tìmùtìmù jáde lábẹ́ àtíbàbà, òwú lórí, ó ń nu ojú. Gbàǹjo yíjú sí i.

"O káàárọ̀," ló ní. "Ṣé o jí ire?"

Mo di irin mú. Ibi tí òun kùn ni, láàárín gbùngbùn, ibi tí ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà náà ti gbẹ. Ó kùn ún dáadáa, ó kùn ún dé ìdí.